Oúnjẹ Èṣí Lábẹ́ Ilẹ̀: Bí Òdòdó Igbó àti Irè Oko Ṣe Ń Jáde Nígbà Ìrúwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí ó bá gbàgbé àlùbọ́sà sínú apẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò bá a tí ó ti yọ ewé tútù lórí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bu omi sí i. Oúnjẹ tí àlùbọ́sà náà ti kó jọ sínú ara rẹ̀ nígbà tí ó wà lóko ni ó ń ná. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó àti ní oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Karùn-ún, nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń jáde lọ wo òdòdó tí ó lalẹ̀ hù nínú igbó, tí wọ́n sì ń gba ọjà àgbẹ̀ kọjá kí wọ́n tó padà sílé. Òdòdó tí wọ́n lọ wò àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n rà, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà jáde: oúnjẹ èṣí ni wọ́n ń ná.

Igbó Lesnes Abbey ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù jẹ́ ibi tí a ti lè fojú rí ètò yìí. Kò sì jìnnà sí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé Ìlú Ọba, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ Abbey Wood àti Thamesmead ni ó wà, àwọn àdúgbò tí a kì í pẹ́ gbọ́ èdè Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì. Láti ọdún 2022 ni ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ti ń dé Abbey Wood, ẹni tí ó bá sì ti àárín ìlú wọ̀ ọ́ wá kò ní rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láti ibùdókọ̀ kí ó tó dé àwókù ilé ìsìn tí Richard de Luci dá sílẹ̀ ní ọdún 1178. Ẹ̀yìn àwókù náà, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ni igbó wà. Daffodil igbó, tí ó kéré tí àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ sì fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti inú ọgbà lọ, ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ ní oṣù Kẹta. Nígbà tí oṣù Kẹrin bá fi máa parí, bluebell, òdòdó igbó aláwọ̀ aró, á ti gba abẹ́ igi, gbogbo ilẹ̀ á sì wá rí bí ìgbà tí àwọn aláró bá sá àdìrẹ tútù sí gbangba kí ó gbẹ.

Ìdí bluebell dà bí àlùbọ́sà kékeré funfun, sísùn ni ó sì máa ń fi gbogbo ìgbà ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, sùn lábẹ́ ilẹ̀. Bí òjò ìgbà ìwọ́wé bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò ta gbòǹgbò. Bí ó bá di oṣù Kìíní tàbí Kejì, tí yìnyín ṣì lè bọ́ nígbàkígbà, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dán á ti máa yọrí. Kì í ṣe pé ó kàn ń kánjú lásán. Igi óákù àti igi beech tí ó wà lókè rẹ̀ ti wọ́wé tán nítorí òtútù, gẹ́gẹ́ bí àràbà ṣe máa ń wọ́wé nílẹ̀ Yorùbá nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí náà oòrùn ń dé ilẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù Karùn-ún bá ti wọlé dáadáa, àwọn igi náà á ti rúwé, orí wọn á ti kan ara wọn, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kíún ni yóò sì máa rí àyè jò sílẹ̀. Láàárín ìgbà tí ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í móoru àti ìgbà tí ewé bo ojú ọ̀run yìí ni bluebell gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ohun tí yóò ṣe lọ́dún. Oúnjẹ èṣí ni ó fi ń gbé òdòdó jáde ní kánmọ́kánmọ́; ní àkókò kan náà, ewé rẹ̀ ń fi ìtànṣán oòrùn se oúnjẹ tuntun, ó sì ń kó o padà sábẹ́ ilẹ̀ de ọdún tí ń bọ̀. Ó tún ní oríṣi gbòǹgbò kan tí ó máa ń súnkì lẹ́yìn tí ó bá ti wọlẹ̀, tí ó sì ń fa àlùbọ́sà náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ibí yìí ni ó ti yẹ kí ẹni tí ń rìn gbẹ̀fẹ́ mọ ibi tí yóò máa gbé ẹsẹ̀ sí. Òdòdó tí ọmọdé já kò dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ó ń pa bluebell. Ewé tí bàtà bá tẹ̀ pa kì í sábà dìde mọ́, kò sì ní lè se oúnjẹ, nípa bẹ́ẹ̀ àlùbọ́sà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò wọ ọdún tuntun pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ẹni tí ó yà kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ láàárín òdòdó kò ní rí ohun tí ó bà jẹ́ lọ́jọ́ náà, torí pé ọdún tí ń bọ̀ ni ojú ibẹ̀ yóò pá. Àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í yá, nítorí pé èso bluebell tí ó bọ́ sílẹ̀ lónìí lè lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọ òdòdó tirẹ̀. Ní Chalet Wood, inú Wanstead Park ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìtì igi ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì kí ẹsẹ̀ èrò má baà ṣáko. Òdòdó funfun kan tí wọ́n ń pè ní wood anemone tún lọ́ra ju bluebell lọ: bíi mítà méjì péré ni ó ń tàn dé láàárín 100 ọdún. Níbi tí irú àwọn òdòdó báyìí bá ti pọ̀, àwọn onímọ̀ a máa kà á sí àmì pé igbó náà ti pẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní igbó àtọjọ́mọ́jọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni igbó tí ó ti wà láìdáwọ́dúró láti ọdún 1600 ó kéré tán.

Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1981 kà á léèwọ̀ láti hú ewéko igbó èyíkéyìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ní ọdún 1998 ni wọ́n tún fi kún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú bluebell igbó tà. Ìṣòro mìíràn tilẹ̀ wà tí òfin kò rí tẹ̀: bluebell ti ilẹ̀ Sípéènì, tí wọ́n gbìn sínú ọgbà ilé, ti ń bá ti ìbílẹ̀ gun. Kí ènìyàn tó lè dá wọn mọ̀, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó wò wọ́n fínnífínní. Ti ìbílẹ̀ máa ń tẹ orí ba sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí òdòdó rẹ̀ ká sẹ́yìn, ó ní òórùn dídùn, àtíkè inú rẹ̀ sì funfun bíi wàrà. Ti Sípéènì nàró ṣánṣán, òdòdó yí i ká, òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan, àtíkè inú rẹ̀ sì sábà máa ń ní àwọ̀ aró.

Ohun tí ènìyàn kò ní retí ni pé àáké wà lára ohun tí ó ń mú òdòdó pọ̀. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń gé àwọn igi kan mọ́lẹ̀ ní abala kan nínú igbó, tí wọ́n á sì jẹ́ kí kùkùté wọn tún rú fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Abala tí wọ́n bá gé ni oòrùn yóò ráyè wọ̀, ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn náà ni òdòdó ibẹ̀ yóò sì dé góńgó.

Ewéko kan wà tí ó jẹ́ òdòdó fún olùwòran, tí ó tún jẹ́ ẹ̀fọ́ fún alásè: àáyù igbó. Òdòdó rẹ̀ funfun bí ìràwọ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ kan a máa di ewé rẹ̀ wá sí ọjà, lọ́wọ́ wọn ni ó sì dára kí ẹni tí kò mọ igbó ti rà á. Ewé lily of the valley, tí ó ní májèlé, jọ ọ́ gan-an. Òórùn ni àwọn ènìyàn sọ pé àwọn fi ń dá a mọ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti já ewé àáyù méjì mẹ́ta, gbogbo ohun tí ó bá fọwọ́ kàn lẹ́yìn náà ni yóò máa rùn bí àáyù.

Ìgbà tí igbó bá kún fún òdòdó gan-an ni àtẹ àgbẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì tí wọ́n tọ́jú láti èṣí ti ń tán lọ, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ní oṣù Kẹta kò sì tíì ju èéhù lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá ń wá tòmátì tí wọ́n gbìn sí gbangba ní oṣù Kẹrin yóò padà lófo. Orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pe àkókò náà túmọ̀ sí àlàfo ebi. Àgbẹ̀ Yorùbá mọ irú rẹ̀: ìgbà tí òjò ti rọ̀, tí ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí iṣu èṣí ti tán lórí àká, ṣùgbọ́n tí tuntun kò tíì ta. Ohun tí ó lè dí àlàfo yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n gbìn lọ́dún náà, àfi èyí tí ó ti ní ìpamọ́ nílẹ̀.

Asparagus, ẹ̀fọ́ tí ó jẹ́ pé èéhù rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ilẹ̀ jẹ́ àká oúnjẹ, láti inú rẹ̀ sì ni èéhù gbọọrọ ti ń yọ bí ilẹ̀ bá ti móoru. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, ó lè fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ga sí i láàárọ̀ sí alẹ́ àti òru ọjọ́ kan, èyí ni kò fi jẹ́ kí àgbẹ̀ lè fi gígé rẹ̀ falẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ni àṣà fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí, nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ni wọ́n sì ń dá ọ̀bẹ dúró, bí èéhù tilẹ̀ ṣì ń yọ. Wọn kì í gé e rárá ní nǹkan bí ọdún méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbìn ín. Ẹni tí ó bá ń gé e lọ títí yóò dà bí àgbẹ̀ tí ó kó èbù jẹ mọ́ iṣu, torí pé ewé tí èéhù náà ìbá dà ni yóò se oúnjẹ ọdún tí ń bọ̀. Asparagus tí ó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ òkèèrè bíi Peru ni ó ti wá.

Rhubarb ti Yorkshire, ewéko tí ó jẹ́ pé igi ewé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ni ó fi ètò yìí hàn láìfi nǹkan kan bò. Láàárín Wakefield, Morley àti Rothwell, àwọn àgbẹ̀ máa ń fi rhubarb sílẹ̀ lóko fún ọdún méjì láìká a, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè yó. Lẹ́yìn tí òtútù bá ti bà á, wọ́n á hú u, wọ́n á sì tò ó sínú àgọ́ tí ó ṣókùnkùn biribiri, tí wọ́n sì mú kí ó móoru. Ibẹ̀ ni igi ewé rẹ̀ yóò ti máa wá oòrùn tí kò sí, tí yóò máa ga, tí yóò rọ̀, tí yóò sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iná àbẹ́là sì ni wọ́n fi ń ríran ká a kí ìmọ́lẹ̀ má baà mú un le. Kò sí ewé tí ó rí oòrùn, nítorí náà oúnjẹ tuntun kankan kò wọlé. Bí ìkórè bá parí, gbòǹgbò ti gbẹ tán nínú, ajílẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ ọ́ dà. Ní ọdún 2010 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà máa fi ta tirẹ̀.

Ọjà àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò pẹ́ ní ìrísí tí ó ní lónìí. Ìlú Bath ni àkọ́kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí ó gbìn ín, tàbí ẹni tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ni yóò tà á, oko rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jìnnà kọjá ìwọ̀n kan. Ọ̀pọ̀ ọjà fi í sí 30 máìlì. Ní ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí kò ní oko púpọ̀ láyìíká, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣètò ọ̀pọ̀ nínú ọjà wọ̀nyí fi í sí 100 máìlì láti M25, òpópónà tí ó yí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ká. Alágbàtà kò ní àyè níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹnu ni pé ohun tí wọ́n ká lánàá ni ènìyàn ń jẹ lónìí, èyí sì ṣe pàtàkì fún asparagus àti ẹ̀wà tútù inú èèpo, nítorí pé ṣúgà inú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù láti wákàtí tí wọ́n ti gé wọn. Ẹni tí ó bá ti jẹ àgbàdo tí wọ́n ya lóko láàárọ̀ tí wọ́n sì sè lọ́sàn-án, tí ó tún jẹ èyí tí ó ti sùn nínú mọ́tò fún ọjọ́ méjì, kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí òdòdó yóò yọ kò dúró sójú kan. Robert Marsham, onílẹ̀ kan ní Norfolk, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn àmì ìgbà ìrúwé sílẹ̀ láti ọdún 1736, ìran rẹ̀ sì ń kọ ọ́ nìṣó títí di ọdún 1958; láti ara irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé òdòdó ń tètè yọ ju ti àtijọ́ lọ bí ayé ṣe ń móoru sí i. Ní Lesnes, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹrin sí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Karùn-ún ni ó sábà máa ń dára jù, àárọ̀ sì sàn ju ọ̀sán lọ, nítorí pé èrò kò tíì pọ̀, òórùn bluebell sì ṣì wà nílẹ̀.

Ẹni tí ó bá padà lọ síbẹ̀ ní oṣù Keje kò ní rí àwọ̀ aró kankan. Ewé bluebell ti rọ, ó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀, igi òdòdó tí ó ti gbẹ nìkan ni ó kù, èso dúdú kéékèèké sì ń mì wọ̀jẹ̀wọ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ bí ènìyàn bá fara kàn án. Lóko, asparagus tí ọ̀bẹ ti fi sílẹ̀ ti ga kọjá ìbàdí ènìyàn, ó ti tú ewé wínníwínní bí irun, ó ń jẹ oòrùn.