Ṣéènì kẹ̀kẹ́ kì í nà, jíjẹ ló ń jẹ

Ó ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí àwa Yorùbá tí à ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè Katampe àti Mpape, níbí l'Ábùjá, bá ń sọ pé “ṣéènì mi ti nà.” Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ di “ìnàsíi ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́.” Ẹ̀wọ̀n la fi ń de ọ̀daràn; ṣéènì la bá lára kẹ̀kẹ́. “Nà” gan-an ló bà mí nínú jẹ́ jù. Rọ́bà ló ń nà. Ọ̀rọ̀ tó bá a mu ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: táyà a máa jẹ, gìgísẹ̀ bàtà a máa jẹ. Ẹnìkan ta kò mí pé yóò rú èèyàn lójú, nítorí a tún ń jẹ iyán. Rárá o. Bí mo bá ní gìgísẹ̀ bàtà mi ti jẹ, ta ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀? Ẹni tó ní ó nà yóò máa bẹ̀rù agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní ó jẹ yóò wá ohun tó jẹ ẹ́.

Ẹ wo ogún ọmọdé tó di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí ìlà, àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Òógùn mú ọwọ́ yọ̀, ó wá ku orí ìka tí wọ́n fi kọ́ra. Ìlà ti gùn sí i, apá ọmọ kankan ò gùn. Oríkèé ṣéènì náà nìyẹn: pín-ìnnì, irin kékeré tó so oríkèé pọ̀, àti ihò tó wọ̀ ló ń jẹ, ààyè sì ń ṣí.

Oríkèé mẹ́rìnlélógún tuntun jẹ́ mìlímítà 304.8. Bó bá ti fi nǹkan bíi 1.5 lé e lórí kẹ̀kẹ́ oníjíà 11 tàbí 12, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ eyín jíà mọ́ ọn.

Eruku ọyẹ́ tó pò mọ́ òróró ló ń lọ̀ ọ́ bí ọlọ. Nítorí náà, ẹ má da òróró lé ìdọ̀tí. Ẹ fi àkísà nù ún, ẹ kán ẹyọ kan sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn, kí ẹ tún nu ìta rẹ̀ gbẹ. Kí ẹ tó gbéra, ẹ fa ṣéènì síwájú lára eyín ńlá: bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ti jẹ.