Bí Ooru Ṣe Ń Dí Ẹranko Lọ́wọ́ Ìbísí

Bí oòrùn bá ń mú ganrínganrín láti oṣù Èrèlé dé oṣù Igbe, iye adìyẹ tó kú ni àwọn olósìn máa ń kà. Àdánù ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ara ẹranko tí ooru ká mọ́ á kọ́kọ́ du ẹ̀mí ara rẹ̀, iṣẹ́ ìbísí sì wà lára ohun tó máa ń tètè jọ̀wọ́ sílẹ̀.

Adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin, èyí tí wọ́n ń pè ní léyà, fi èyí hàn dáadáa. Ara rẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi dìgírì 41, kò sì lè làágùn. Ìwọ̀n ooru tó tù ú lára kò ju dìgírì 18 sí 24 lọ. Bí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á gbé apá kúrò lára kí atẹ́gùn lè kọjá, á lúgọ sí ibi tí ilẹ̀ ti tutù, á dín ìrìn kù, á máa mu omi ṣáá. Oúnjẹ kì í wù ú, nítorí oúnjẹ tó ń dà nínú a máa mú ara gbóná sí i. Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, á la ẹnu, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí omi tó wà ní ọ̀nà èémí lè gbẹ lọ, kó sì gbé ooru dání.

Mímí yìí ló ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là, òun náà ló sì ń ba ẹyin jẹ́. Bó ṣe ń mí ni carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dá ń mí síta, ń jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀, calcium carbonate, àpapọ̀ calcium àti carbonate, ló pọ̀ jù nínú èèpo ẹyin, ara carbon dioxide yẹn ni carbonate rẹ̀ sì ti ń wá. Tó bá ti lọ, ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù, calcium tí ì bá ráàyè dé ibi tí èèpo ti ń hù á lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà sì ti ya sí awọ ara àti ogbe láti lọ tú ooru dànù. Ẹyin á wá kéré, èèpo á fẹ́lẹ́, yóò sì fọ́ nínú kéréètì.

Bí afẹ́fẹ́ bá tún kún fún ọ̀rinrin, omi ẹnu adìyẹ kò ní rí ibi gbẹ sí. Irú ooru ọlọ́rinrin bẹ́ẹ̀ ló bo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní oṣù Èrèlé 2024.

Ti àgbò yàtọ̀. Ẹpọ̀n rẹ̀ so rọ̀ sóde nítorí pé àtọ̀ kì í dáa nínú ooru ara. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná tó ara, ẹpọ̀n kò ríbi tutù mọ́. Àtọ̀ sì ń gba bí ọ̀sẹ̀ méje kó tó parí dídá, nítorí náà ìpalára oṣù Ẹrẹ́nà lè má fojú hàn títí dìgbà tí òjò bá ti tu ilẹ̀ lára. Àgbò ń gùn, abo kò lóyún, wọ́n á ní abo ló yàgàn. Ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Ní ti ìjàpá òkun, ooru inú iyanrìn ló ń pinnu akọ tàbí abo. Nǹkan bíi dìgírì 29 ni ààlà: iyanrìn tó tutù jù bẹ́ẹ̀ ń mú akọ jáde nínú ẹyin, èyí tó gbóná jù ń mú abo jáde. Ní Ọsirélíà, ìwádìí tó jáde ní 2018 rí i pé ó lé ní 99 nínú 100 lára àwọn ọmọ ìjàpá tó wá láti àríwá Great Barrier Reef, ọ̀wọ́ òkìtì iyùn ńlá inú òkun ibẹ̀, tó jẹ́ abo. Òfin yìí kan náà ló wà fún àwọn tó ń yé sí etíkun Èkó, Benin àti Togo.

Ìjàpá òkun kò ní olósìn tó máa wá ibòji fún un. Adìyẹ àti àgbò ní. Òru ni èèpo ẹyin sábà máa ń hù, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí léyà jẹ ìkarahun lílọ̀, kí wọ́n má fún un lóúnjẹ ní ọ̀sán gangan. Baking soda díẹ̀ nínú omi a máa dá lára ohun tí mímí hẹlẹhẹlẹ kó lọ padà fún un. Kí àgbò wà lábẹ́ igi lọ́sàn-án, kí wọ́n sì fún un ní bí oṣù méjì lẹ́yìn ooru kí wọ́n tó tà á tàbí kí wọ́n tó dá abo lẹ́bi.