Ẹnu tírélà tó fúyẹ́ kọ́ ló dáa o

Èmi tí mò ń háyà kánópì àti àga fún ìnáwó ní Iléṣà níbí, ẹ jẹ́ n bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi mọ́tò fa tírélà kékeré sọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì o. Ohun tá a gbà gbọ́ ni pé tí ẹnu tírélà bá ti fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan lè gbé e sórí bọ́ọ̀lù tówba, ìyẹn irin roboto tá a ń fi kọ́ ọ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, mọ́tò ò ní jìyà nìyẹn. Torí ẹ̀ la ṣe máa ń ti jẹ́n (jẹnẹrétọ̀) sẹ́yìn pátápátá. Irọ́ ni.

Lọ́dún tó kọjá, à ń bọ̀ láti ìnáwó kan ní Lágeré, Ifẹ̀, ká tó dé Òṣú, mi ò sá ju 80 lọ, ni tírélà bá ń ju ìrù bí ajá tó rí olówó ẹ̀, ó ń gbá ẹ̀yìn mọ́tò lọ sọ́tùn-ún, ó ń gbá a wá sósì. Ọmọ iṣẹ́ mi ń pariwo "ẹ tẹ búrékì!" Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tẹ̀ ẹ́, mi ò kàn fún un níná mọ́, mo di síárìn mú gbọin títí ó fi rọlẹ̀.

Ẹnu tó fúyẹ́ jù ló fà á. Bíi jangirọ́fà ni tírélà rí, táyà ló wà láàárín. Jẹ́n mi tó 90 kílò. Tó bá wà lẹ́yìn táyà ní mítà kan, tí táyà sí bọ́ọ̀lù sì jẹ́ mítà mẹ́ta, ó ti fi 30 kílò gbé ẹnu sókè. Tí mo bá gbé e wá síwájú táyà ní mítà kan, á fi 30 tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. 60 kílò nìyẹn, mi ò sì yọ àga kan kúrò!

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fa ilé tó ń ká pọ̀ lọ sùn nínú igbó fún fàájì (ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ò yé mi ṣá), wọ́n ní ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n tírélà tòun tẹrù ló yẹ kó wà lórí bọ́ọ̀lù. Tèmi jẹ́ 600 kílò, ìyẹn 60 sí 90. Tó bá sì wá pọ̀ jù, ìdí mọ́tò á wọlẹ̀, táyà iwájú ò ní di ilẹ̀ mú dáadáa.

Sikéèlì tá a fi ń wọn ara wa nílé ni mo lò. Mo kọ́kọ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì tá ò tíì tú lé e, ó kà 49, kò burú. Mo páàkì síbi tó tẹ́jú, mo fi òkúta há táyà níwájú lẹ́yìn, gbogbo ẹrù wà níbẹ̀ bí ìgbà tá a fẹ́ jáde, mo wá to búlọ́ọ̀kù, mo gbé sikéèlì lé e, mo tẹ́ pákó lé sikéèlì kí irin má baà fọ́ ọ, mo sọ ẹnu tírélà kalẹ̀ síbẹ̀, kó ga bó ṣe ń ga lórí bọ́ọ̀lù gan-an. 22 ló kà! Mo gbé jẹ́n síwájú, ó di 82.

Tí tiyín bá ju agbára sikéèlì lọ, ẹ wá pákó gígùn tó lágbára, búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ìdí kan, sikéèlì lábẹ́ ìkejì. Ẹnu tírélà á jìnnà sí búlọ́ọ̀kù ní ẹsẹ̀ bàtà kan, sí sikéèlì ní méjì. Ẹ yọ ohun tí pákó nìkan kà kúrò, kẹ́ ẹ wá sọ ìyókù di ìlọ́po mẹ́ta.

Ọmọ iṣẹ́ mi ń ráhùn pé iwájú tí jẹ́n wà báyìí kì í jẹ́ káwọn tètè já a sílẹ̀. Mo ní kó máa pẹ́.