Kọ́kọ́rọ́ Méjì: Bí Ẹni Tó Gba Ìtọ́jú Ọpọlọ Ṣe Ń Padà Dá Gbé ní Ìlọrin

Wọ́n máa ń pa á lówe pé bí wèrè bá san tán, kò ní ṣàì ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé. Òwe yìí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí dókítà ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Onílé gbọ́ pé ẹni tó fẹ́ gba yàrá ti gba ìtọ́jú ọpọlọ rí, ó ní yàrá ti lọ. Ẹbí fi tiwọn sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, wọ́n ń fọṣọ fún un, ọdún ń gorí ọdún. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà wà láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn dé yàrá tí èèyàn ń fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rìn ín dópin.

Wọ́ọ̀dù ni ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, yálà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní UITH, tàbí ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Budo-Ẹ̀gbá. Kí dókítà tó yọ̀ǹda aláìsàn, ohun kéékèèké ni wọ́n ń wò. Ṣé ó ń sùn mọ́jú? Ṣé ó ń wẹ̀ láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì lé e wọ balùwẹ̀? Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, ṣé ohun tí wọ́n bi í ló ń dáhùn, àbí ohùn kan tí òun nìkan ń gbọ́? Lẹ́yìn èyí, wọ́n lè ní kó lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ nílé kó padà wá, kí wọ́n lè mọ bí ilé ṣe rí lára rẹ̀ àti bí òun náà ṣe rí lára àwọn ará ilé. Àbọ̀ tí ẹbí bá mú wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè wúlò púpọ̀, bí wọn ò bá fi nǹkan kan pamọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni òògùn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tó bá ti ń dá gbé ti bọ́ lọ́wọ́ òògùn. Rárá o. Ọwọ́ tí òògùn wà ló ń yí padà. Ní wọ́ọ̀dù, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló wà. Nílé, ẹnì kan nínú ẹbí ló ń kà á sí i lọ́wọ́, tó ń dúró títí yóò fi gbé e mì. Tó bá ti ń lọ déédéé, onítọ̀hún á máa lò ó fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá rẹ̀ á kàn máa ka èyí tó kù nínú ọ̀rá ní Jímọ́ọ̀-Jímọ́ọ̀. Nígbà tó bá yá, kò ní sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Kí èèyàn má baà gbàgbé, ó dára kó so òògùn mọ́ nǹkan tí kì í fi ṣeré. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ìrun alẹ́ kọjá òun, tó bá gbé ọ̀rá òògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà àlùwàlá, ojú rẹ̀ á máa bá a lálaalẹ́.

Ara tó yá gan-an ló ń mú kí ọ̀pọ̀ pa òògùn tì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbani níyànjú pé ẹni tí àìsàn tó ń mú kí èèyàn máa gbọ́ ohùn tàbí kó máa fura kiri bá ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́, kó ṣì máa lo òògùn fún oṣù 12 ó kéré tán lẹ́yìn tí gbogbo àmì ti lọ. Ìyọnu tí òògùn fúnra rẹ̀ ń fà tún wà níbẹ̀: ara gígan, ọwọ́ gbígbọ̀n, ẹsẹ̀ tí kì í fẹ́ dúró sójú kan. Ojú máa ń ti àwọn mìíràn láti sọ ọ́, wọ́n á kàn dákẹ́ dà á nù. Bẹ́ẹ̀ dókítà lè dín in kù, ó lè pa á dà, ó sì lè fi benzhexol kún un kí ara lè dẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà, tí ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn sí, abẹ́rẹ́ bíi fluphenazine wà tí wọ́n sábà máa ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra, tí hóró òògùn ojoojúmọ́ á fi dín kù.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ Rámàdáànì kò ṣeé gbójú fò ní ìlú bíi Ìlọrin. Òògùn ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ sábà máa ń ṣeé sún sí ẹ̀yìn ìṣínu. Lithium, òògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn èèyàn máa ròkè rodò, ló léwu: bí omi bá gbẹ lára, á máa pọ̀ jọ nínú ẹ̀jẹ̀, títí èèyàn á fi máa bì, tí ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, tí á máa rìn bí ọ̀mùtí. Oorun tí ìrun àṣámù lálẹ́ àti jíjí jẹ sàárì ń gé kúrú náà lè ru àìsàn ẹni tí tirẹ̀ máa ń mú kí orí rẹ̀ yá kọjá àlà. Kí oṣù tó yọ ló yẹ kí wọ́n ti rí dókítà. Ẹ̀sìn fún aláìsàn láyè láti má gbààwẹ̀. Ààfáà tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún un, ẹ̀mí ló gbà là.

Iṣẹ́ tó ṣeé dá dúró kéèyàn sinmi ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí òfì, tí Ìlọrin mọ̀ dáadáa, bá a mu: ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, aṣọ ń gùn sí i níṣojú ẹni tó ń hun ún. Ọ̀kadà kò bá òògùn tó ń kunni lóorun mu. Owó náà, díẹ̀díẹ̀ ni: owó oúnjẹ ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ti ọ̀sẹ̀, kó tó kan owó ilé.

Kí wọ́n sì tó wá yàrá fún un lọ sí àdúgbò bíi Tánkẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wo agboolé. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn kan, wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Agboolé Ìlọrin ti ní ohun tí Lambo ń wá nígbà náà, yàrá pọ̀, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé, tí kò sì sí ọmọ kankan tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà, ó ti ń dá gbé nìyẹn, láìjẹ́ pé ó dá wà.

Tó bá wá kan ilé àwọn ẹlòmíràn, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó rọ́pò òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn, kò fàyè gbà kí wọ́n torí àìsàn yìí fi ilé tàbí iṣẹ́ du èèyàn. Ó yẹ kí ẹbí mọ̀ ọ́n sọ fún onílé, kí wọ́n sì fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá sábà máa ń jẹ́ méjì. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ ẹni tó ni yàrá, èkejì lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́. Ìgbà tí ara dá ni wọ́n ti ń jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà fún, nítorí ẹni tó ni àìsàn ló mọ bó ṣe máa ń yọjú sí i. Oorun ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ń dá. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ tí kì í bá ṣe pé òun fọwọ́ ara òun sè é. Nọ́ńbà nọ́ọ̀sì á wà lórí ìwé náà, orúkọ òògùn á wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kù á sì wà ní ohùn onítọ̀hún fúnra rẹ̀: bí mo bá ń pè yín lóru fún alẹ́ méjì léra, ẹ wá. Ẹ kanlẹ̀kùn. Bí mi ò bá dáhùn, ẹ ṣí i.