Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká tán, apá kò tíì jí: ṣé abẹ́rẹ́ ọrùn ló fà á?

Ìbéèrè: Àná ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká fún àbúrò mi. Wọ́n kọ́kọ́ gún un lábẹ́rẹ́ lọ́rùn. Di àárọ̀ yìí, kò lè gbé apá náà. Ṣé wọn ò ti ba iṣan rẹ̀ jẹ́ báyìí?

Ó jọ pé oògùn tí abẹ́rẹ́ ọrùn yẹn fi mú apá náà kú, kó má baà jẹ ìrora, ni kò tíì tán lára rẹ̀. Inú ọrùn ni àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń darí èjìká, apá àti ọwọ́ ti ń jáde. Dókítà á fi ẹ̀rọ sikáànù wò wọ́n, á sì da oògùn sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kì í ṣe sínú wọn. Oògùn bíi bupivacaine lè mú apá kú fún wákàtí 12 sí 24, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó fi aṣọ gbé apá náà kọ́rùn. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ omi gbígbóná tàbí áyọ́ọ̀nù, torí apá tó kú lè bó kí ẹni tó ni ín má mọ̀.

Ìbéèrè: Ìpéǹpéjú rẹ̀ kan tún wálẹ̀, ohùn rẹ̀ sì há. Kí ló kan ojú nínú ọ̀rọ̀ èjìká?

Oògùn kì í dúró sójú kan. Ó máa ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ àwọn iṣan mìíràn tó gba ọrùn kọjá: èyí tó ń gbé ìpéǹpéjú, èyí tó ń darí ohùn, títí kan èyí tó ń darí ẹran pẹlẹbẹ abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí. Pẹ̀lú ìwọ̀n oògùn àtijọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tí ìdajì ẹran yẹn kì í dákẹ́ fún. Ẹni tára rẹ̀ le lè má tilẹ̀ fura. Ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni yóò mọ̀ ọ́n lára, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un. Bí mímí bá ń ni àbúrò yín lára, ẹ má dúró rárá, ẹ pe ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Bó bá wá jẹ́ pé iṣan gan-an ló fara pa ńkọ́?

Kí apá máa rìn rìnrìn fún ọjọ́ díẹ̀ kì í ṣe ohun tójú ò rí rí. Èyí tó ń wà pẹ́ títí ló ṣọ̀wọ́n: nǹkan bí ẹni 2 sí 4 nínú 10,000. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wa sì máa ń kọ́kọ́ nàka sí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fa apá náà síwá sẹ́yìn lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ, ọ̀bẹ sì ti kọjá nítòsí iṣan èjìká fúnra rẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó ti ń jẹ iṣan tẹ́lẹ̀ tún máa ń dá kún un. Èmi ò ní gba ẹni tó bá dárúkọ ọ̀daràn lọ́jọ́ kejì gbọ́. Àyẹ̀wò iná tí wọ́n fi ń dán iṣan wò kì í sábà fi gbogbo ìpalára hàn títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ló ń san, àmọ́ ó gba sùúrù: iṣan tó já kì í hù ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ lójúmọ́.

Ìbéèrè: Ìgbà wo la wá máa padà sọ́dọ̀ wọn?

Bí apá bá ṣì kú tàbí tí kò lágbára lẹ́yìn wákàtí 48. Bó bá ti jí tán tó tún padà kú, tàbí tí ọwọ́ wú, tó tutù, tí ìrora sì ń pọ̀ sí i, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.