"Yẹ́sà" tí wọ́n ń sọ yẹn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni

Màmá mi máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iléṣà pé ògbufọ̀ àwọn òyìnbó ni mí, mi ò sì bá wọn jiyàn mọ́. Tí iléeṣẹ́ òkèèrè bá fẹ́ wá ṣe bísínẹ́ẹ̀sì níbí, tàbí tí tiwa fẹ́ bá wọn da nǹkan pọ̀, wọ́n á pè mí kí n wá bá wọn dá sí i, kí tọ̀tún-tòsì lè mọ ohun tí ẹnì kejì ní lọ́kàn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ o, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kọ́sítọ́mà mi kan, ará Jámánì, ń to ẹ̀rọ nítòsí Iléṣà. Ní mítìn ọjọ́ Mọ́ńdè ó bi fọ́máànù pé ṣé ẹ máa parí ẹ̀ ní Fúráídè, bàbá náà wolẹ̀, ó fọwọ́ ra orí, ó ní "Yẹ́sà, Ọlọ́run á ṣe é." Òyìnbó kọ Fúráídè sínú ìwé ẹ̀. Mo ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò lè ṣeé ṣe, bàbá kàn ń sọ pé mo ti gbọ́ yín ni, kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn mítìn mo lọ bá a níbi tó ti ń mu omi, mo ní "Bàbá, kí ló kù?" Ó ní apá kan ẹ̀rọ yẹn ṣì wà ní wáàfù Àpápá. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí! Mo ní kí òyìnbó má bi èèyàn pé ṣé ẹ lè ṣe é mọ́, kó bi í pé kí ló kù ká tó parí, kó sì bi í ní kọ̀rọ̀. Mo sọ fún bàbá náà pé lójú ará Jámánì, ẹni tó tètè sọ pé kò ní ṣeé ṣe kò rí i fín rárá, ẹni tó dákẹ́ ló fi í ṣeré.

Ẹ máa gbọ́ orúkọ Hofstede tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí iṣẹ́ yìí. Onímọ̀ ará Netherlands ni, ó fi ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM kárí ayé, láàárín 1967 sí 1973, wo bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń wo ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, ìwé ẹ̀ sì jáde ní 1980. Iṣẹ́ ẹ̀ wúlò, àmọ́ ó da Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone pọ̀ sójú kan, bẹ́ẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà gan-an kì í dúnàá-dúrà bákan náà.

Àwọn ọmọ OAU máa ń bi mí pé kọ́ọ̀sì wo làwọn máa ṣe. Sosiọ́lọ́jì, bísínẹ́ẹ̀sì, èdè, èyí tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíì fọ́dún bíi mélòó kan, níbi tí wọ́n ti ń tajà tàbí ti ń kó nǹkan jọ, kí ẹ rí ìjà lójú. Àwọn òṣómàálò wa, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà àtijọ́, ti ń ṣe é tipẹ́, wọ́n á gbé aṣọ àwìn lọ ìlú onílùú, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí onílé kórè, kí wọ́n sì mọ ilé tí wọ́n lè lóṣòó sí títí wọ́n á fi gbowó wọn àti ilé tó máa dìjà.

Ní ti owó, ẹ gba ìdajì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ti lóṣòó sí ọ́fíìsì ẹnì kan l'Ékòó rí, oṣù mẹ́rin gbáko, kí n tó rí bálánsì mi gbà.