Ìjọba tó mọ níwọ̀n: kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló sì kan Kétu níbẹ̀?

Àwọn ọmọ Kétu, ìlú wa ní Benin, tó ń gbé ní Texas, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kì í yé fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé lọ́dọ̀ àwọn, ìjọba kì í yọ owó orí lára owó oṣù, kì í sì í yọjú sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìjọba tó mọ níwọ̀n. Àríyànjiyàn tó ti ibẹ̀ jáde kò kéré. Àwọn ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù nìyí, pẹ̀lú èsì tèmi.

Ṣé òótọ́ ni pé Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù?

Òótọ́ ni, àmọ́ kò pé. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kì í gbà á. Lọ́dún 2019, àwọn olùdìbò tiẹ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn pé kò gbọdọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń yọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Owó tí wọn ò sì gbà níbí, ọ̀hún ni wọ́n ti ń gbà á: lórí ọjà tí èèyàn rà, àti lórí ilé àti ilẹ̀, èyí tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń gbà. Owó orí ilé ní Texas wà lára àwọn tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n tó fi ohùn ránṣẹ́ yẹn, ó jọ pé kò tíì ra ilé.

Kí wá ni àwọn tó ń polongo irú ìjọba yìí ń fẹ́ gan-an?

Wọ́n fẹ́ kí ìnáwó ìjọba má yára pọ̀ ju bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i àti bí ọjà ṣe ń wọ́n lọ. Wọn ò fẹ́ kí ìjọba máa ṣòwò. Ní Colorado, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, láti ọdún 1992, ìjọba kò lè gbé owó orí sókè láìkọ́kọ́ bi àwọn olùdìbò; bí owó tó wọlé bá sì kọjá ìwọ̀n, wọn á dá a padà fún aráàlú, àfi tí wọ́n bá dìbò pé kí ìjọba dì í mú. Ti Texas máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ọjọ́ 140 péré ni àwọn aṣòfin wọn ń jókòó láàárín ọdún méjì, àyàfi tí gómìnà bá pè wọ́n. Ẹni tí kò jókòó, òfin wo ló fẹ́ ṣe?

Èyí tó yẹ kí àwọn onídìrí wa gbọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Isis Brantley ń dirun ní Dallas, irun tí àwa náà ń dì, tí kò ní oògùn tàbí abẹ nínú. Lọ́dún 1997 ọlọ́pàá mú un, wọ́n ní kò gba ìwé àṣẹ. Nígbà tó tún fẹ́ máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn, òfin ní ilé ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àga onígbàjámọ̀ àti àwo ìfọrun, bẹ́ẹ̀ òun kì í gẹ irun, kì í sì í fọ̀ ọ́. Ọdún 2015 ni adájọ́ tó dá a láre; lọ́dún yẹn kan náà àwọn aṣòfin fagi lé ìwé àṣẹ irun dídì. Ẹ wo ṣùkú tí ọmọ ọdún méjìlá ń dì fún àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kí ẹnì kan wá ní kó lọ ra àga.

Àwa náà ò ha ti gbìyànjú òdìkejì rẹ̀ rí?

A gbìyànjú ẹ̀ dáadáa. Ní November 1974, Mathieu Kérékou, ààrẹ orílẹ̀-èdè wa nígbà náà, kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin la ó tọ̀, pé ìjọba ni yóò máa darí ọrọ̀ ajé. Báńkì di ti ìjọba, epo bẹntiróòlù di ti ìjọba. Wọ́n bá Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀, wọ́n sì dá ti sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Onígbólò. Nígbà tó fi máa di 1989, àwọn báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù kò jáde fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mọ bó ṣe rí, kéèyàn mú ìwé báńkì dání, kó dé ẹnu ihò, kí wọ́n ní owó ò sí. Àpérò gbogbogbòò February 1990 ló tú u ká. Nígbà tó yá, àwọn ará Ṣáínà ló gba ilé iṣẹ́ ṣúgà náà ṣe.

Ṣé kí a ṣáà gé owó orí kúrò ńlẹ̀?

Ẹ bi Kansas, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn. Lọ́dún 2012, gómìnà wọn, Sam Brownback, gé owó orí gan-an, ó ní ọrọ̀ ajé yóò búrẹ́kẹ́. Kò búrẹ́kẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ihò yọ nínú ìṣúná. Lọ́dún 2017 àwọn aṣòfin dá púpọ̀ nínú owó orí náà padà, wọ́n sì borí àṣẹ ìkọ̀ gómìnà, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ṣé èrò òyìnbó lásán kọ́ ni?

Rárá. Ilé ọba márùn-ún ló ń jẹ Aláàkétu ní ìyípo. Agbo ilé kan ò lè dá a jẹ; ìyẹn náà jẹ́ ìwọ̀n lórí agbára.

Kétu ńkọ́?

Ìjọba tiwa kò tóbi níbi gbogbo, kò sì kéré níbi gbogbo. Níbi omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn abúlé, ó tín-ín-rín. Níbi ìwé, òǹtẹ̀ àti ìdúró lójú ọ̀nà, ó ki. Nítorí náà ẹni tó bá ní kí ìjọba dín kù, kó kọ́kọ́ tọ́ka síbi tó fẹ́ kó ti dín. Èmi ò ní fọwọ́ sí kí wọ́n dá owó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ padà, èyí tí wọ́n mú kúrò lọ́dún 2006. Òfin Colorado yẹn ni mo fẹ́ràn: kí wọ́n bi wá kí wọ́n tó gba tuntun. Kí a sì lẹ iye owó ọjà, ìyẹn owó tí kọmúùnù ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà, mọ́ ara ògiri, kí ìyá tó ń ta gàrí lè mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já fún òun láàárọ̀ ti tán ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má tún wá na ọwọ́ sí i nírọ̀lẹ́.

Ta la ó bi?

Benin ní kọmúùnù 77, Kétu sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti ìgbà òfin December 2021, akọ̀wé aláṣẹ (secrétaire exécutif) ló ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ kọmúùnù, kì í ṣe mẹ́rì mọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kọmúùnù ló ń dìbò lórí ètò ìṣúná, ìjókòó rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún aráàlú. Bí ẹ bá débẹ̀, ìlà owó ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: iye tó wọlé, àti iye tó padà sínú ọjà.